Idẹ Inú Ọta Àgbá: Bí Ọ̀pọ̀ Orílẹ̀-Èdè Ṣe Kọ́ Ẹ̀rọ Aṣàwárí CMS

Ní Cessy, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Faransé tí kò jìnnà sí Geneva, ẹ̀rọ ńlá kan wà lábẹ́ ilẹ̀, nínú ihò tí ó jìn tó 100 mítà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 21, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 15, ìwúwo rẹ̀ sì tó 14,000 tọ́ọ̀nù. CMS ni wọ́n ń pè é. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ náà dúró fún ọ̀rọ̀ kan tí ó túmọ̀ sí ohun tí a kì mọ́ra, tí kò gba àyè. Ó lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ kò ṣe àwàdà: ẹ̀rọ ATLAS, ojúgbà rẹ̀ tí ó wà ní ìhà kejì òbìrípo kan náà, gùn tó mítà 46, síbẹ̀ ìwúwo rẹ̀ kò ju ìdajì ti CMS lọ. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni láti máa ṣọ́ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn èérún inú átọ́ọ̀mù tí a ń pè ní prótọ́ọ̀nù bá forí gbárí, lẹ́yìn tí a ti mú wọn sáré débi pé eré wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ìmọ́lẹ̀ dọ́gba. Láti inú ìforígbárí náà ni àwọn èérún mìíràn ti ń jáde, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń pòórá kí a tó ṣẹ́jú. Ẹ̀rọ aṣàwárí ni ó ń ka ipa wọn, bí ọdẹ ti ń ka ipa ẹsẹ̀ ẹran nínú igbó.

Ní ìpẹ̀kun CMS méjèèjì, àwọn awo idẹ nípọnnípọn wà tí a tò léra wọn. Iṣẹ́ wọn ni láti dá èérún tí ó bá jáde láti ojú ìforígbárí dúró, kí a lè mọ bí agbára rẹ̀ ti pọ̀ tó. Irin kò ṣeé lò níbẹ̀, nítorí òòfà ńlá tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà yóò máa fà á. Òòfà kì í fa idẹ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún tọ́ọ̀nù ojúlówó idẹ rà lójijì? Ní Rọ́ṣíà ni ọ̀nà ti là. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ náà ní ìkarahun ọta àgbá tí a fi idẹ rọ, tí wọ́n ti kó pamọ́ láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Iye èyí tí wọ́n tú, tí wọ́n yọ́, tí wọ́n sì tẹ́ di awo lé ní mílíọ̀nù kan. Idẹ ọta yẹ fún iṣẹ́ náà ju bí ènìyàn ti lè rò lọ, nítorí a ti rọ ọ́ kí ó lè fara da ìbúgbàù àgbá, kí ó sì lè pẹ́ nínú ọ̀rinrin inú ọkọ̀ ojú omi. Ilé iṣẹ́ kan ní Minsk, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀lárùs, ni ó gé àwọn awo náà, tí ó sì tò wọ́n. Ọ̀ṣun ni àwa Yorùbá mọ idẹ mọ́, Ògún ni a mọ irin mọ́. A lè sọ pé idẹ yìí ti sin Ògún fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí ó tó padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni ín.

Kì í ṣe iṣẹ́ físíìsì ni mo fẹ́ ròyìn lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́ níhìn-ín; àwọn tí ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ti kọ ìwé lé e lórí. Ohun tí ó jẹ mí lógún ni àdéhùn tí ó so àwọn tí ó kọ́ ẹ̀rọ náà pọ̀, irú àdéhùn tí ó jẹ́, àti ohun tí ojú rẹ̀ rí lẹ́yìn náà.

Àjọ tí ó ni ihò náà ni CERN. Orílẹ̀-èdè 12 ní Yúróòpù ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1954, nígbà tí eruku ogun kò tíì rọlẹ̀ tán, kí àwọn tí ó ti ń pa ara wọn lánàá lè máa ṣe ìwádìí pọ̀. Ní ọdún 1990, ní ìpàdé kan ní Aachen ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jíròrò lórí irú ẹ̀rọ aṣàwárí tí wọn yóò kọ́ bí CERN bá sọ ihò òbìrípo rẹ̀ tí ó jẹ́ kìlómítà 27 di ojú ọ̀nà prótọ́ọ̀nù. Michel Della Negra, ará Faransé, àti Tejinder Virdee wà lára àwọn tí ó pilẹ̀ CMS. Nígbà tí ó di oṣù kẹta ọdún 1992, ní Evian, àbá ńlá mẹ́rin ni ó wà níwájú àwọn onímọ̀. Méjì so pọ̀, wọ́n di ATLAS. Samuel Ting, ẹni tí ó ti gba ẹ̀bùn Nobel, ni ó ṣíwájú ẹ̀kẹta. Wọn kò gbà á. Ẹ̀kẹrin ni CMS. Orúkọ ńlá nìkan kò tó láti ṣílẹ̀kùn níbẹ̀.

Lọ́dún kejì, ọ̀ràn kan ṣẹlẹ̀ ní òdìkejì òkun tí ó yí ìtàn náà padà. Amẹ́ríkà ti ń gbẹ́ ihò òbìrípo tirẹ̀ ní Texas, kìlómítà 87, èyí tí ìbá fi ti CERN ṣe ọmọ ọwọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1993, àwọn aṣòfin wọn dá iṣẹ́ náà dúró lẹ́yìn tí wọ́n ti ná bílíọ̀nù dọ́là méjì tí wọ́n sì ti gbẹ́ ihò tí ó lé ní kìlómítà 20. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ di ẹni tí kò ní ilé iṣẹ́ mọ́. Púpọ̀ nínú wọn kọjá sí Cessy pẹ̀lú ọgbọ́n ọwọ́ wọn, nígbà tí ó sì di oṣù kejìlá ọdún 1997, ìjọba Amẹ́ríkà bá CERN ṣe àdéhùn pé òun yóò fi mílíọ̀nù dọ́là 531 kún iṣẹ́ òbìrípo àti àwọn ẹ̀rọ aṣàwárí méjèèjì.

Irú àdéhùn wo ni ó wá so àwọn ènìyàn wọ̀nyí pọ̀? Àwọn ilé ìwádìí àti àwọn ìjọba tí ń sanwó fún wọn fọwọ́ sí ìwé kan. Ìwé náà sọ iye tí iṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá, mílíọ̀nù 475 nínú owó ilẹ̀ Switzerland, ó sì sọ ohun tí oníkálùkù yóò mú wá. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ gbangba pẹ̀lú pé òfin kò fi de ẹnikẹ́ni. Bí orílẹ̀-èdè kan bá yẹ àdéhùn, kò sí ilé ẹjọ́ tí a lè pè é lọ. Ìdí nìyí tí wọn kò fi pe ẹni tí ó wà níwájú CMS ní ọ̀gá tàbí olùdarí. Agbẹnusọ ni orúkọ oyè rẹ̀. Della Negra ni agbẹnusọ àkọ́kọ́, títí di ọdún 2006. Agbẹnusọ kò lè pàṣẹ fún ẹnì kan ní Ṣáínà tàbí ní Ítálì, nítorí ilé ẹ̀kọ́ ẹni náà ni ó ń san owó oṣù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni irinṣẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ àáró àti ọ̀wẹ̀ yóò fẹ́ fi wọ́n wé e. Nínú àáró, oníkálùkù ló ní oko tirẹ̀, a sì ń yí i po: lónìí oko mi, lọ́la oko rẹ. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹnì kan ní iṣẹ́, ó bẹ ẹgbẹ́, ó sì se oúnjẹ. CMS kò bá ìkankan mu tán. Oko kan ṣoṣo ni, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé tòun nìkan ni. Síbẹ̀, ohun tí ó ń mú ènìyàn dé ojú àáró kí oòrùn tó yọ ni ó mú awo idẹ dé láti Minsk: ojú tí yóò tì í bí kò bá wá, àti ìmọ̀ pé iṣẹ́ àwọn yòókù kò lè parí láìsí tirẹ̀.

Kì í ṣe owó nìkan ni wọ́n mú wá. Ohun tí ọwọ́ ṣe ni ó pọ̀ jù. Okùn òòfà ńlá náà bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀ ní Fínlándì, ó gba Switzerland àti Faransé kọjá, kí wọ́n tó wé e ní ìpín márùn-ún ní Genoa ní Ítálì. Ẹsẹ̀ irin tí ẹ̀rọ náà fi dúró, Taxila ní Pakísítánì ni wọ́n ti rọ ọ́. Àwọn onímọ̀ Íńdíà láti Mumbai, Chandigarh àti Delhi ń ṣe àwọn ẹ̀yà tí ó wà lẹ́yìn òòfà náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, Íńdíà dán bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù wò, Pakísítánì sì ṣe tirẹ̀ kí oṣù náà tó parí. Ní ọdún 1999, wọ́n jagun lórí òkè Kargil. Iṣẹ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì ń ṣe fún Cessy kò dúró.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí kírísítálì. CMS ní 75,848 nínú wọn. Ohun tí a fi ṣe wọ́n ni òjé, tungsten àti atẹ́gùn ọ́síjìn: ó mọ́ gaara bí dígí, bẹ́ẹ̀ ni ó wúwo ju irin lọ. Bí èérún ìmọ́lẹ̀ tàbí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bá wọ inú rẹ̀, kírísítálì náà yóò tan fìrí, a ó sì wọn ìtànná náà. Kò ṣeé dà bí a ti ń da bíríkì. Ńṣe ni a ń mú un hù díẹ̀díẹ̀ láti inú ohun yíyọ́, ẹyọ kan a sì máa gba nǹkan bí ọjọ́ méjì. Bogoroditsk, ìlú kan ní gúúsù Moscow tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti sin àwọn ológun ní ìgbà Sófíẹ́ẹ̀tì, ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ti wá. Ìyókù wá láti Shanghai. Nígbà tí Sófíẹ́ẹ̀tì túká ní ọdún 1991, owó oṣù dí, àwọn onímọ̀ tí ń ṣe ohun ìjà sì ń wá ibi tí wọn yóò forí pamọ́ sí. Wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ ní Moscow láti wá iṣẹ́ àlàáfíà fún irú wọn, owó àjọ náà sì wà lára ohun tí ó gbé iṣẹ́ kírísítálì dìde. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ń ṣe é. Oṣù kẹta ọdún 2008 ni ìkẹyìn dé. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: ọmọ tí wọ́n bí ní Bogoroditsk nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́ kí òbí rẹ̀ tó hu kírísítálì ìkẹyìn.

Ilẹ̀ Cessy fúnra rẹ̀ kò gbà wọ́n wọlé wẹ́rẹ́. Ní ọdún 1998, bí wọ́n ti ń múra láti gbẹ́ ihò, wọ́n bá ìpìlẹ̀ ilé àgbẹ̀ ńlá kan láti ìgbà ìjọba Róòmù, ti ọ̀rúndún kẹrin lẹ́yìn ikú Olúwa wa. Owó idẹ wà nínú rẹ̀ tí wọ́n rọ ní Ostia, ní Lyon àti ní London. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni iṣẹ́ fi dúró kí àwọn awalẹ̀pìtàn lè rí tiwọn ṣe. Lẹ́yìn èyí ni omi abẹ́ ilẹ̀ dé. Kí omi má baà ya wọ inú ihò, wọ́n ri ọ̀pá yí i ká, wọ́n ń da omi iyọ̀ títutù sínú wọn, wọ́n tún fi naitirójìn olómi kún un, títí ilẹ̀ àyíká fi dì gbagidi bí yìnyín, wọ́n sì gbẹ́ ihò ní àárín ògiri yìnyín náà. Oṣù kejì ọdún 2005 ni wọ́n tó lè ṣí ihò ńlá náà.

Àwọn ará CMS ti pinnu láti to ẹ̀rọ wọn sórí ilẹ̀, ní ìpín 15, kí wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn náà. ATLAS kò ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ihò ni wọ́n ti tò ó. Ní ọjọ́ 28, oṣù kejì ọdún 2007, wọ́n so ìpín tí ó wúwo jù, tọ́ọ̀nù 1,920, tí òòfà wà nínú rẹ̀, mọ́ okùn irin. Wákàtí mẹ́wàá ni ó fi sọ̀ kalẹ̀, àlàfo tí ó wà láàrin rẹ̀ àti ògiri ihò kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Iṣẹ́ ọdún mẹ́tàdínlógún so rọ̀ sórí okùn lọ́jọ́ náà. Oṣù kìíní ọdún 2008 ni ìpín ìkẹyìn balẹ̀.

Ọjọ́ 10, oṣù kẹsàn-án ọdún 2008 ni prótọ́ọ̀nù kọ́kọ́ yí òbìrípo náà po. Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn rẹ̀, ìsopọ̀ iná mànàmáná kan láàrin òòfà méjì nínú òbìrípo yọ́, hílíọ̀mù tú jáde, òòfà 53 sì ní láti jáde fún àtúnṣe tàbí ìpààrọ̀. Ó ju ọdún kan lọ kí ọ̀nà tó tún ṣí. Àwọn ará CMS kò ká ọwọ́ gbera. Èérún tí ń rọ̀ láti ojú ọ̀run, èyí tí kì í gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ni wọ́n fi dán ẹ̀rọ wọn wò. Ní ọjọ́ 4, oṣù keje ọdún 2012, Joe Incandela fún CMS àti Fabiola Gianotti fún ATLAS kéde pé àwọn ti rí èérún tuntun kan. Ó jẹ́ irú èyí tí Peter Higgs, François Englert àti Robert Brout ti sọ tẹ́lẹ̀ ní ọdún 1964. Brout ti kú ní ọdún 2011. Àwọn méjì yòókù gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2013. Òfin ẹ̀bùn náà kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí ó kọ́ ẹ̀rọ.

Ọ̀nà tí àwọn wọ̀nyí ní láti fi orúkọ wọn sílẹ̀ ni ìwé ìwádìí. Nínú CMS, gbogbo ẹni tí ó bá ṣe ojúṣe rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ń jáde, ní ìtẹ̀léra álífábẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú orúkọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2015, CMS àti ATLAS pawọ́ pọ̀ kọ ìwé kan lórí ìwúwo èérún tuntun náà. Ojú ewé 33 ni. 24 nínú wọn jẹ́ kìkì orúkọ àwọn òǹkọ̀wé, 5,154 lápapọ̀. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kò rí ohun yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Níbi tí òfin kò ti de ẹnikẹ́ni, orúkọ ni owó iṣẹ́.

Níbo ni Áfíríkà wà nínú èyí? Virdee tí mo dárúkọ lókè, tí ó di agbẹnusọ CMS ní ọdún 2007, Nyeri ní Kẹ́ńyà ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1952, ọmọ ìdílé Íńdíà; Kisumu ni ó ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kí àwọn ẹbí rẹ̀ tó kó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1967. Íjíbítì wà nínú CMS, Mòrókò wà nínú ATLAS, Gúúsù Áfíríkà sì wà nínú ATLAS àti ALICE. Ní agbègbè tiwa, ilé ẹ̀kọ́ físíìsì fún àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà, tí ó kọ́kọ́ wáyé ní Stellenbosch ní ọdún 2010, dé Kumasi ní Gánà ní ọdún 2012. Oṣù keje ni ó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìròyìn èérún tuntun náà kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì. Dakar ni ó ti wáyé ní ọdún 2014. Ibi tí a ti wọlé náà ni àwọn mìíràn ti wọlé, láti orí ìjókòó akẹ́kọ̀ọ́. Pakísítánì kò fi ju ẹsẹ̀ irin lọ bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2022, Rọ́ṣíà kọlu Yukréènì. Ilé ìwádìí físíìsì tí ó wà ní Kharkiv jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ CMS láti ọjọ́ pípẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún náà, ọta àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà bà á. Inú ẹ̀rọ kan náà ni idẹ ọta Rọ́ṣíà àti iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Kharkiv wà. Ìgbìmọ̀ CERN yára gba ipò alákìíyèsí tí Rọ́ṣíà ní lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n pinnu pé àwọn kò ní tún àdéhùn ṣe: ti Bẹ̀lárùs parí ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ti Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá ọdún náà. Àdéhùn pẹ̀lú ilé ìwádìí Dubna, tí ó wà lórí ilẹ̀ Rọ́ṣíà ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè púpọ̀, ni wọ́n fi sílẹ̀, èyí kò sì dùn mọ́ Yukréènì nínú.

Kí ó tó di ìgbà yẹn, ìjà ti wọ ojú ewé àwọn òǹkọ̀wé. Àwọn kan sọ pé àwọn kò ní fọwọ́ sí ìwé tí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba Rọ́ṣíà wà nínú rẹ̀, pàápàá nígbà tí àwọn olórí kan ní irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti fọwọ́ sí ogun ní gbangba. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ni ó ni iṣẹ́. Fún bí ọdún kan, ìwé ń jáde fún gbogbo ayé láti kà, ṣùgbọ́n wọn kò lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà ìmọ̀ pẹ̀lú orúkọ. Ní ọdún 2023, wọ́n fi orí rẹ̀ ti síbì kan: orúkọ ènìyàn yóò wà, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ Rọ́ṣíà àti Bẹ̀lárùs kò ní sí. Dípò rẹ̀, wọn yóò kọ pé àwọn wọ̀nyí wá láti ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwádìí tí ó ní àdéhùn ìfọwọ́sowọ́pọ̀ pẹ̀lú CERN. Àwa tí ń fi èdè ṣiṣẹ́ mọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀: òótọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, a sì kọ ọ́ kí ẹni tí ń kà á má baà mọ ohun tí ó ń wá.

Mo gbà pé ó yẹ kí àdéhùn dópin. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kò gbọdọ̀ máa bá ẹni tí ó dá iná jókòó bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ti orúkọ ni kò tíì yé mi tán, nítorí ọmọ ọgbọ̀n ọdún tí yóò wá ka ìwé wọ̀nyí ní ọdún 2080 yóò rí òǹkọ̀wé, kò ní rí Bogoroditsk.

Ẹ̀rọ náà pàápàá ń yí padà. Wọ́n ti ṣètò pé nígbà ìdádúró gígùn tí a fi sí ọdún 2026 sí iwájú, wọn yóò yọ ohun tí ó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì kúrò, nítorí ìforígbárí tí ń bọ̀ yóò pọ̀ ju èyí tí wọ́n kọ́ ọ fún lọ. Ohun tuntun tí a fi sílíkọ́ọ̀nù ṣe ni yóò rọ́pò rẹ̀. Idẹ ọta àgbá yóò jáde. Ìtànṣán ti wọ̀ ọ́ lára, kò sì ṣeé dá padà fún alágbẹ̀dẹ kankan láti fi rọ ohunkóhun. Kírísítálì 61,200 tí ó wà ní agbedeméjì kò ní kúrò ní tiwọn. Wọn yóò máa tan fìrí, wọn yóò máa kú, nínú òkùnkùn abẹ́ ilẹ̀ Cessy.